Òdo Tí Mo Fi Rọ́pò Ìlà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, tí mo bá ti sọ pé ètò ẹ̀kọ́ ni mo bá ìjọba ṣe, kíá ni wọ́n máa ń sọ pé, "Háà, Màmá, tíṣà ni yín!" N kò ṣe tíṣà rí ní tèmi. N kò mú ṣọ́ọ̀kì dání níwájú ọmọ kankan. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sí Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà ní Àkúrẹ́, kí n gba máàkì ìdánwò àwọn ọmọ tó wà ní ìwé mẹ́fà láti gbogbo ìpínlẹ̀ wa, kí n rò ó pọ̀, kí n pín in, kí n wá sọ agbègbè tó ṣe ipò kìíní, èyí tó ṣe ipò kejì, títí dé orí èyí tó gbẹ́yìn. Bí mo bá ṣe ti agbègbè tán, màá tún to àwọn ilé-ìwé inú agbègbè kọ̀ọ̀kan bákan náà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló bi mí lọ́jọ́ kan bóyá kí òun náà lọ kọ́ ìṣirò, kí òun ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe. Ó ní iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni, oòrùn kì í pa èèyàn, òjò kì í pa èèyàn. Mo ní kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa yàn. Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ kọ́ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ọmọ Oǹdó ni mí. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò lọ́rọ̀ nínú. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí, wọ́n bi mí ní ìbéèrè díẹ̀, wọ́n ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi bò. Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá Akínlàjà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Oǹdó bíi tèmi. Nígbà tí mo gbọ́ pé ará ilé wa ni, inú mi dùn, mo rò pé ara máa tù mí. Àṣé mo kàn ń tan ara mi jẹ ni. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, aṣọ funfun ní ojoojúmọ́, pẹ́ńsù létí. Bí aago méje àárọ̀ bá lù tí o kò tíì jókòó, kò ní bá ọ jà, kò sì ní dá ọ lóhùn títí di ọ̀sán.

Ìwé tí à ń kọ máàkì sí fẹ̀ ju tábìlì lọ. Tí a bá ṣí i, apá kan á máa rọ̀ sílẹ̀ lọ́tùn-ún, apá kan lósì. Aṣọ ìbora là ń pè é ní ọ́fíìsì wa. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo fi bírò kọ gbogbo ti Ọ̀wọ̀ sí i, ọwọ́ mi dára, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gá wò ó.

"Ta ló fún ọ ní bírò?"

"Èmi ni mo mú un wá láti ilé, sà."

"Mú un padà sílé."

Ó fa ìwé náà ya sí méjì lójú mi. Háà! Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi kọ ọ́. Ó ní pẹ́ńsù ni kí n fi kọ, nítorí mo máa ṣe àṣìṣe, àṣìṣe tí a kò lè pa rẹ́ sì ni ohun tí òun ń bẹ̀rù jù láyé.

Kíkọ nìkan kọ́. Tí o bá kọ ọ́ tán, ẹnì kan á jókòó, á máa ka máàkì sókè, ìwọ á máa fi pẹ́ńsù kan èyí tó o kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ àga. Ẹni tó ń kà tẹ́lẹ̀ ló máa wá máa kan nǹkan, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó sì ti bẹ̀rẹ̀ wá sókè. Ọ̀gá ní ojú ti mọ ọ̀nà lílọ, kò tíì mọ ọ̀nà àbọ̀. Ohùn mi máa ń há. Mo máa ń ka máàkì lójú oorun, ọkọ mi á jí mi, á ní, "Ta ló gba méjìlélógójì o, ìyàwó mi?"

Ohun tó kọ́ mi tí n kò lè gbàgbé ni ti ìlà. Mo dé orí ọmọ kan tí kò wá ṣe ìṣirò, mo sì kọ òdo síwájú orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ti wà lẹ́yìn mi tí n kò mọ̀.

"Ọmọ yìí jókòó ṣe ìdánwò?"

"Rárá, sà. Wọ́n ní kò wá."

"Ìwọ wá fún un ní òdo."

"Kò ṣá ní máàkì, sà."

Ó fa àga, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Gbọ́. Ọmọ tó gba òdo wá, ó gbìyànjú, kò mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò wá, kí la mọ̀ nípa ẹ̀? Ó lè jẹ́ òun ló mọ̀ ọ́n jù nínú wọn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí o fà síwájú ẹ̀. Tó o bá wá ro máàkì pọ̀, iye ọmọ tó jókòó ni kí o fi pín in. Ẹni tó ní ìlà, má kà á mọ́ wọn. Tó o bá kà á, o ti fa gbogbo ilé-ìwé náà lulẹ̀ nìyẹn, wọn ò sì ṣẹ̀ ọ́."

Ó ní kí n tún gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà yẹ̀ wò. Ojú tì mí, mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fọ ojú mi, mo padà wá ṣe é.

A rẹ́rìn-ín náà o. Lọ́dún tí Oǹdó bá ṣe ipò kìíní, àwọn ará Àkúrẹ́ inú ọ́fíìsì á ní èmi àti Ọ̀gá la lọ fi pẹ́ńsù sè é. Lọ́dún tí Àkúrẹ́ bá borí, èmi náà á ní ìlú wọn ni ìwé náà kúkú wà. Ará Ìkàrẹ́ kan wà láàárín wa tó máa ń sọ pé, "Ẹ máa jà, àwa náà ń bọ̀." Ayé dára nígbà náà. Tíṣà ń gba owó wọn, ọmọ ń lọ síléèwé, a sì mọ̀ pé ohun tí à ń kọ wúlò, nítorí agbègbè tó bá gbẹ́yìn, wọn á fi tíṣà kún tíṣà wọn.

Ẹ̀rọ ìṣirò tí a ń fi ọwọ́ yí ni a ní nígbà tí mo débẹ̀, ó máa ń ké bí ọlọ ata. Lẹ́yìn náà ni kàkúlétọ̀ dé, Ọ̀gá ò fẹ́ràn ẹ̀. Á jẹ́ kí o fi rò ó tán, á tún fi pẹ́ńsù rò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ó ti fẹ̀yìn tì lọ sí Oǹdó. Mo ti wá di ẹni tó ń ṣe olórí nídìí aṣọ ìbora.

Ìgbà náà ni ìnira dé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn tíṣà ò rí owó oṣù gbà fún oṣù púpọ̀, wọ́n ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń padà, wọ́n tún ń dá a sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ pákó tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé. Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ wa, ẹnu iṣẹ́ mi nìkan ni gbogbo wa ti ń jẹun. Epo bẹntiróòlù sì di ohun tí èèyàn ń lọ sùn tì nílé epo.

Lọ́dún náà, wọ́n mú kí ọjọ́ ìdánwò ìṣirò tètè dé ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí wọ́n gbọ́ pé àwọn tíṣà tún fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé-ìwé. Kò sí epo tí mọ́tò máa fi gbé lẹ́tà lọ sí ìgbèríko. Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an ni lẹ́tà dé ibòmíràn, tí àwọn ọmọ ti tẹ̀ lé ìyá àti bàbá wọn lọ sóko. Àwọn tíṣà ṣe bí a ṣe kọ́ wọn, wọ́n fa ìlà síwájú àwọn tí kò wá. Nígbà tí ìwé dé ọ̀dọ̀ mi, mo rí i pé ìlà pọ̀. Mo kàn mí kanlẹ̀, mo ní ọdún burúkú náà ló fà á.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni a ní, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń gbé e. Epo tí wọ́n rí fún wa kò ju èyí tó máa lo wákàtí mẹ́ta lọ lọ́sàn-án. Ẹni tó ń bá mi ka máàkì sókè, wọ́n ti gbé e lọ sí Òkìtìpupa. Èmi nìkan ni mo jókòó. Mo tẹ ìlà àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà ké pín-ín, kò gbà á. Mo tún un tẹ̀, ó tún ké. Mo pe ọkùnrin tó wá gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ fún wa.

Ó ní, "Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀, Àǹtí. Ẹ tẹ òdo síbẹ̀, ó máa gbà á."

Mo ní, "Òdo kọ́ ni o. Wọn ò wá ni."

Ó ní, "Mo gbọ́. Ẹ ṣì máa padà wá tún un ṣe. Epo ti ń tán o, Àǹtí."

Mo tẹ òdo. Mo tẹ òmíràn. Ọwọ́ mi ń yá, mo ń gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń wúkọ́ ní ìta. Mo ní tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì màá wá yọ wọ́n kúrò. Nígbà tí mo dé ní àárọ̀, wọ́n ti tẹ ìwé ipò jáde, wọ́n ti gbé e lọ sókè fún ìbuwọ́lù. Mo lè sáré tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo lè sáré. N kò sáré. Mo sọ fún ara mi pé kò ní ṣe nǹkan kan, gbogbo ibi ni wọ́n ṣá ti ní ìlà.

Rédíò ka ipò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ ni ìjọba ní owó ò sí, pé ilé-ìwé kéékèèké tó bá gbẹ́yìn ní agbègbè rẹ̀, àwọn máa tì í, àwọn máa kó ọmọ ibẹ̀ lọ sí ilé-ìwé ńlá tó sún mọ́ ọn. Ìwé èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan kò tilẹ̀ jáde lọ́dún yẹn, wọ́n ní bébà ò sí. Ipò nìkan ni aráyé gbọ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan wá bá mi ní Alágbàká. Tíṣà Aládé ni orúkọ rẹ̀. Abà kan lẹ́yìn Ìta-Ògbólú ni ilé-ìwé rẹ̀ wà, n kò ní dárúkọ abà náà nítorí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣì wà láyé. Ẹsẹ̀ ló fi rin èyí tó pọ̀ nínú ọ̀nà náà. Ó gbé àpò kan dání, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, ma. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń to ipò."

"Èmi ni, sà. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ó ní, "Mi ò wá jà o, ma. Ìwé ìjọba kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá jiyàn. Àwọn ọmọ mi fèèlì, mo ti gbà. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fún wa ní ọdún kan péré sí i. Tí wọ́n bá ti ulé ùwé yẹn pa, ó parí nìyẹn." Ulé ùwé ló pè é, bí àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe ń sọ ọ́. "Àwọn kéékèèké ò lè rìn dé Ìta-Ògbólú lójoojúmọ́. Oko ni wọ́n máa lọ."

Mo bi í pé, "Àwọn tó ṣe ìṣirò nínú wọn, ṣé wọ́n pọ̀, sà?"

"Wọn ò tó ìdajì. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni lẹ́tà dé. Ẹni tó ti lọ sóko ti lọ. Ṣùgbọ́n mo fa ìlà síwájú wọn bí ẹ ṣe kọ́ wa. Ìyẹn ò lè pa wá lára, àbí?"

Mo rí gbogbo òdo tí mo tẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọkùnrin náà ń wo ẹnu mi. Kí ni mo sọ? Mo ní, "Màá wò ó, sà." Ó dúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, àgbàlagbà tó jù mí lọ! Iṣu ló wà nínú àpò náà. Mo ní kó gbé e padà, ó kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ọmọ mi jẹ iṣu yẹn, wọ́n ní ó dùn. Èmi ò lè fi kan ẹnu.

Mo lọ bá ọ̀gá tó wà lórí wa nígbà náà, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Wọ́n ti bu ọwọ́ lù ú, rédíò ti kà á. Tí a bá tún ti ẹnì kan ṣe, gbogbo ìpínlẹ̀ ló máa dé. Wọ́n á sì béèrè ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ṣé o fẹ́ kí n dárúkọ rẹ? Lọ jókòó, ìyá ọlọ́mọ." Mo rántí ọkọ mi tó jókòó sílé. Mo rántí àwọn ọmọ. Mo lọ jókòó. Wọ́n ti ilé-ìwé náà pa, wọ́n sì dá Tíṣà Aládé padà sí tíṣà lásán nínú kíláàsì.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo lọ bá Ọ̀gá Akínlàjà nínú pálọ̀ rẹ̀. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ bi mí.

"Ta ló kà á fún ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

Ó mi orí. Ó ní, "Lọ sọ fún wọn."

"Mo ti sọ fún ọ̀gá wa, sà."

"Ta ń sọ ti ọ̀gá? Àwọn ọmọ yẹn ni mo ní kí o lọ sọ fún."

Mo ní, "Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi, sà." Kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, kò jáde mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló sìn mí dé títì. Nígbà tó kú, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo jókòó sí, n kò lè dé ibi pósí.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé mo ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n gbé mi ga. Kọ̀ǹpútà tuntun dé tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí kò wá àti ẹni tó gba òdo. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ń sọ pé ọwọ́ mi le, pé mo máa ń fi nǹkan kékeré yọ wọ́n lẹ́nu.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo gba àyè lọ́wọ́ wọn, mo wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí. Aṣọ ìbora ọdún náà ṣì wà, eku ti jẹ etí ẹ̀. Mo da máàkì gbogbo agbègbè tí abà Tíṣà Aládé wà kọ, mo fa ìlà síbi tí ìlà ti yẹ, mo tún ipò wọn rò. Mo fi pẹ́ńsù ṣe é lórí tábìlì ìjẹun mi, ọmọ mi obìnrin ń kà á fún mi, a pààrọ̀ àga, a tún kà á láti ìsàlẹ̀. Abà yẹn ṣe ipò kẹrin. Kẹrin nínú gbogbo agbègbè náà! Ọmọ mi ní, "Mọ̀mí, kí ló dé tí ẹ ń sunkún?"

Mo mú ìwé tí mo dà kọ náà dání lọ sí Ìta-Ògbólú. Tíṣà Aládé ti darúgbó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Ẹ tún ipò yẹn kà."

"Ẹ̀kẹrin, sà."

"Ẹ̀kẹrin. Mo nà wọ́n, ma."

"Ta ni, sà?"

"Àwọn ọmọ tó ṣe ìṣirò yẹn. Ọjọ́ tí rédíò kà á ni mo pè wọ́n síta, mo nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní wọ́n dójú tì mí. Kò sí ẹyọ kan tó jiyàn nínú wọn. Wọ́n gbà pé àwọn fèèlì."

Ó gbé ojú sókè, ó pe ẹnì kan ní òdìkejì àgbàlá. Obìnrin kan tó ń yan gààrí ló dáhùn. Ó wá, ó kúnlẹ̀ kí wa, èéfín ti mú kí ojú rẹ̀ pọ́n. Tíṣà ní, "Ó wà lára wọn. Oko ló ti sáré dé lọ́jọ́ yẹn, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ nígbà tó jókòó. Bàbá ẹ̀ ní òun ò ní náwó lórí ọmọ tó fèèlì. Ẹ sọ fún un fúnra yín, ma."

Mo bi í ní orúkọ tó ń jẹ́ nílé-ìwé. Mo fi ìka wá a nínú ìwé mi.

"Ìṣirò, o gba méjìdínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. O pàásì."

"Èmi?"

"Ìwọ ni. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó wo Tíṣà, ó wo ìwé náà, ó tún wò mí. Kò bínú. Ì bá sàn kí ó bínú. Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó gba ìwé náà, ó wò ó títí, ó sì bi mí bí ọmọ iléèwé tí ohun tí tíṣà kọ́ ọ kò yé ṣe máa ń béèrè:

"Ẹ ṣeun, ma. Kí ni kí n wá fi ṣe báyìí?"

Ó dúró díẹ̀, ó ń retí ìdáhùn, títí ó fi gbóòórùn gààrí rẹ̀ tó ti ń jóná, ó sì sáré padà sídìí iná.